Ẹ jẹ́ kí ṣíà yín gbó: ìtọ́sọ́nà fún ẹ̀yin ará Okun tó fẹ́ fi owó sílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́

Okun o, ẹ̀yin ará wa ní Kàbà, ní Ìjùmú, ní Yàgbà, ní Mópà, ní Bùnú, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣí lọ sí Lọ́kọ́ja àti Àbújá. Ọ̀rọ̀ owó tó máa pẹ́ ni mo fẹ́ ká jọ sọ, owó téèyàn fẹ́ gbé sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó máa bí sí i, kì í ṣe èyí tá a fẹ́ fi jẹun oṣù tó ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló ti ra ṣíà rí, ìyẹn ìpín téèyàn ní nínú ilé iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ló sì ti tà á kó tó dé ibi kankan, tẹ́ ẹ bá wá bi wọ́n pé kí ló fà á, wọ́n á ní àwọn ò ní sùúrù ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí mo ń rí láàárín wa ni pé ẹ̀rù kọ́ ló sábà máa ń mú wa tà, ìnáwó ni. Wọ́n á pe èèyàn láti ilé pé màmá àgbà ti lọ, ẹbí ti dá owó lé olúkúlùkù lórí, aṣọ ti wà nílẹ̀, ó ku màlúù, kí oṣù tó parí ṣíà ti lọ. Tàbí kí ọmọ méjì wọ yunifásítì lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, sùúrù tó wù kó ní, kò sí bó ṣe máa ṣe é. Torí náà gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, orí nǹkan kan ló dúró lé: sùúrù nídìí owó, ṣáájú là ń tò ó sílẹ̀, tọ́rọ̀ bá ti dójú ẹ̀ tán kò sí ibi tá a ti máa rí i rà.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rántí 2008

Àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn mọ̀ ọ́n dáadáa. Central Bank ní kí gbogbo báǹkì ní ₦25 billion kí 2005 tó parí, làwọn báǹkì bá ń ta ṣíà káàkiri, fọ́ọ̀mù dé ọ́fíìsì ìjọba, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, tíṣà ń rà, nọ́ọ̀sì ń rà, nígbà tó tún yá àwọn míì ń yá owó rà á torí gbogbo nǹkan ló ń gun òkè. Ní March 2008, òǹkà tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ọjà ṣíà Nàìjíríà pọ̀, ìyẹn All-Share Index, kọjá 66,000. Nígbà tó fi máa tó nǹkan bí ọdún kan, ó ti sọ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ nù. Ó di 2023 kó tó padà síbi tó ti já, ẹ kà á, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní January 2024 ló wá kọjá 100,000.

Ẹni tó yá owó ra ṣíà nígbà yẹn, kò lè dúró, báǹkì tó yá a lówó ò ní jẹ́ kó dúró, wọ́n á tà á mọ́ ọn lórí nígbà tó wálẹ̀ jù lọ. Ẹni tó wá dúró gan-an ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé orí báǹkì kan ṣoṣo ló dúró lé, ó lè dúró títí kó má rí nǹkan kan, torí ní August 2011 ìjọba gba Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, wọ́n kó iṣẹ́ wọn fún báǹkì tuntun mẹ́ta. Owó àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ ò sọnù, àmọ́ àwọn tó ní ṣíà nínú wọn, gbogbo ẹ̀ ló wọlẹ̀. Nítorí ẹ̀ tí mo bá ń sọ pé kẹ́ ẹ dúró, mi ò sọ pé kẹ́ ẹ di ojú o.

Ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe ni ẹni tí kò jẹ gbèsè, tó ní oríṣiríṣi ṣíà, tó tún ń rà díẹ̀díẹ̀ nígbà tọ́jà ti sùn sílẹ̀ tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé ẹ̀. Irú ẹni yẹn ò nílò kó padà dé 66,000 kó tó jèrè.

1. Ẹ kọ́kọ́ ya owó ìnáwó sọ́tọ̀

Ibí ni mo fẹ́ pẹ́ sí jù, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wa wà.

Ẹ mú ìwé, ẹ kọ gbogbo ìnáwó ọdún kan sílẹ̀, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́ nítorí ojú ń tì yín. Owó ilé ìwé, owó ilé, Kérésìmesì tá à ń wálé fún, ọjọ́ ìlú, ìgbéyàwó àbúrò, aṣọ ẹbí, owó tẹ́ ẹ ń fún àwọn òbí lóṣooṣù. Àwọn wọ̀nyí, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, kò yẹ kí wọ́n bá yín lójijì. Àjọ tàbí kọpurétíìfù ni kẹ́ ẹ lò fún wọn, ẹ pín iye ẹ̀ sí oṣù méjìlá, kẹ́ ẹ máa dá a. Àjọ dára fún irú èyí gan-an torí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kó o ti wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni èyí tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọjọ́ ẹ̀: àìsàn, mọ́tò tó bàjẹ́, owó oṣù tó pẹ́ kó tó wọlé. Fún ìyẹn, ẹ ní owó oúnjẹ àti ti ilé tó lè gbé yín fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, oṣù mẹ́fà tẹ́ ẹ bá ń ṣe òwò ara yín tàbí iṣẹ́ oko, kó wà níbi tí iye ẹ̀ kì í lọ sókè sódò. Àkáǹtì ìfowópamọ́ lè gbé díẹ̀ nínú ẹ̀, ìyókù ẹ lè fi sí money market fund, ìyẹn àpò owó tí wọ́n ń bá èèyàn yá ìjọba àti báǹkì fún ìgbà kúkúrú, tàbí treasury bill ọjọ́ 91, ìyẹn owó tẹ́ ẹ yá ìjọba fún ọjọ́ 91. Kì í ṣe èrè lẹ fẹ́ fi owó yìí jẹ, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wàhálà má bàa wọlé bá ṣíà yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìsìnkú náà. Tí àwọn òbí yín bá ti dàgbà, kí gbogbo ọmọ ìyá jókòó, kí wọ́n ṣí àkáǹtì kan tí ẹni méjì ń fọwọ́ sí, kí olúkúlùkù máa dá ohun tágbára ẹ̀ gbé síbẹ̀ lóṣooṣù. A kì í gbàdúrà ikú fún òbí wa o, a dẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lo owó yẹn fún ìtọ́jú wọn nígbà tí wọ́n wà láàyè, fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fún ojú tí wọ́n fẹ́ ṣe. Àmọ́ tọ́jọ́ bá dé, kò sí ọmọ kan tó máa sáré lọ ta ohun tó ti ń kó jọ láti ọdún mẹ́sàn-án torí màlúù. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níwájú ẹbí. Ẹ jẹ́ kí àkọ́bí ló sọ ọ́, tàbí obìnrin ilé tí ẹnu ẹ̀ tólẹ̀, kẹ́ ẹ dẹ̀ pè é ní owó ìtọ́jú màmá.

Gbèsè ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ń san èlé 30% lórí lóònù kan, ẹ san án tán ná. Kò sí ṣíà tó lè fi dá yín lójú pé òun máa mú 30% wá lọ́dún, àmọ́ lóònù yẹn dájú pé ó ń mú un lọ.

2. Ẹ kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀

Ìwé kan, gbólóhùn mẹ́ta. "Owó yìí wà fún ilé ìwé gíga àbígbẹ̀yìn wa, 2038. Oṣooṣù la ó máa fi kún un. A ò ní fọwọ́ kàn án fún ìsìnkú, fún mọ́tò tàbí fún òwò ẹlòmíì." Kí ọkọ àti ìyàwó jọ fọwọ́ sí i. Tí kò bá sí ìdí, ìnáwó tó bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ló máa gbé e lọ. Ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, torí owó tẹ́ ẹ máa nílò láàárín ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ọjà ṣíà kì í ṣe ibùgbé ẹ̀ rárá.

3. Ẹ ṣí àkáǹtì tó dúró dáadáa

Ọwọ́ stockbroker la ti ń ra ṣíà, tàbí lórí áàpù tí stockbroker wà lẹ́yìn ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, ẹ wọ orí wẹ́ẹ́bù SEC, ìyẹn Securities and Exchange Commission, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà, kẹ́ ẹ wo bóyá orúkọ wọn wà nínú àwọn tó gba ìwé àṣẹ. Wọ́n á gba BVN àti NIN yín, wọ́n á ṣí àkáǹtì CSCS fún yín. CSCS yìí ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ṣíà, orúkọ yín ló wà níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ broker, torí náà tí broker bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀ lọ́la, ṣíà yín wà níbẹ̀, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi owó sí àkáǹtì òun, pé òun á bá yín rà á lórúkọ tòun, ẹ má ṣe é, kódà kó jẹ́ ọmọ ìyá yín.

Ẹ tún béèrè fọ́ọ̀mù e-dividend, kí dividend, ìyẹn èrè tí ilé iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ṣíà, máa wọ àkáǹtì báǹkì yín tààrà. Ọ̀pọ̀ dividend àwọn èèyàn wa ló wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbà torí àdírẹ́sì ti yí padà, sọ̀wédowó lọ sí ilé kan ní Kàdúná tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí sẹ́tífíkéètì ṣíà bàbá yín nínú àpótí, ẹ má sun ún, ẹ má dẹ̀ rò pé ó ti kú. Ẹ wo orúkọ registrar lára ẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ náà bójú tó orúkọ àwọn tó ní ṣíà àti èrè wọn, kẹ́ ẹ kàn sí wọn. Kódà tí ilé iṣẹ́ náà bá ti yí orúkọ padà tàbí tó ti dara pọ̀ mọ́ òmíì, ẹ̀tọ́ yín lè wà níbẹ̀.

4. Ẹ yan ohun tẹ́ ẹ lè bá gbé

Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé àyà yín máa ń já tí owó bá wálẹ̀ díẹ̀, ẹ má fi gbogbo ẹ̀ ra ṣíà. FGN Savings Bond wà, bond ni owó téèyàn yá ìjọba tí wọ́n ń san èlé lé, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní March 2017, ₦5,000 lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ó ní ti ọdún méjì àti ti ọdún mẹ́ta, wọ́n dẹ̀ ń san èlé ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta sínú àkáǹtì. Fún ẹni tí kò ṣe irú ẹ̀ rí, ibẹ̀ yẹn dára láti fi kọ́ra, torí ẹ ó rí bó ṣe rí kí owó wà níbì kan kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró sórí èlé nìkan o. Ní December 2024, àwọn tó ń ka owó ọjà fún ìjọba, NBS, sọ pé owó nǹkan ti fi 34.8% lé láàárín ọdún kan. Owó tó sùn sí báǹkì lọ́dún yẹn, iye ẹ̀ ò dín, agbára ẹ̀ ló dín, ẹ lọ bi ẹni tó ra àpò ìrẹsì. Ìdí nìyẹn téèyàn fi ń ní ṣíà pẹ̀lú, torí ilé iṣẹ́ tó ń ta ohun tí aráyé ń lò lè fi owó kún ọjà ẹ̀ bí owó nǹkan ṣe ń lọ.

Ẹ pín in. Báǹkì kan, ilé iṣẹ́ oúnjẹ kan, símẹ́ńtì, tẹlifóònù, epo. Bí ọ̀kan bá ṣubú, kò ní gbé yín lulẹ̀. Ẹni tí kò ní àyè láti yan lè ra equity fund tàbí ETF, ìyẹn àpò kan tó ń kó ṣíà ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ pọ̀, kó kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ yan fúnra yín, ìbéèrè tó tó wà: kí ni wọ́n ń tà, ta ló ń rà á, ṣé wọ́n ti ń jèrè fún ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ṣé wọ́n ń san dividend, gbèsè ọrùn wọn ńkọ́? Èyí tẹ́ ẹ ò bá lè ṣàlàyé fún ọmọ ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ fi sílẹ̀.

5. Ẹ dá ọjọ́, kẹ́ ẹ má máa wá àkókò tó dára

Òṣìṣẹ́ ìjọba àti tíṣà, ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kó tó kan ọjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko kajú ńkọ́, oṣooṣù ò bá yín mu, February sí May lówó yín ń wọlé, torí náà ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lásìkò yẹn, ẹ mú iye kan nínú owó àpò kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ tà kó tó tán sọ́wọ́, ìyókù ọdún ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé iye àti ọjọ́ ti wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ má ṣe máa jí lárọ̀ọ́ bi ara yín pé ṣé kí n rà lónìí àbí kí n dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹnì kan ń fi ₦20,000 sílẹ̀ lóṣooṣù, ká ní ó ń bí 1% lóṣù (mo kàn fi ń ṣàpẹẹrẹ ni, ẹnikẹ́ni ò lè ṣèlérí ẹ̀ fún yín, ẹni tó bá ṣèlérí ẹ̀ ẹ sá fún un). Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó ti fi ₦1.2 million sílẹ̀, ó ní nǹkan bíi ₦1.63 million. Ọdún mẹ́wàá, ó ti fi ₦2.4 million sílẹ̀, ó ní ₦4.6 million. Ogún ọdún, ó fi ₦4.8 million sílẹ̀, ó ní bíi ₦19.8 million. Ẹ ti rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀? Ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ò jọ nǹkan kan, ibẹ̀ dẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kúrò, wọ́n ní ṣebí ₦400,000 péré lèrè ọdún márùn-ún, kí lèyí máa ṣe fún mi, wọ́n á wá kó gbogbo ẹ̀ ra ọ̀kadà. Ọdún mẹ́wàá kejì ló kó ohun tó ju ₦15 million wá nínú ẹ̀.

Owó ọjà á ti lọ sókè kí ogún ọdún tó pé o, ₦19.8 million ìgbà yẹn ò ní ra ohun tó ń rà lónìí. Torí náà bí wọ́n bá fi owó kún owó oṣù yín, ẹ fi kún ₦20,000 yẹn náà.

6. Ojú tẹ́ ẹ ó máa fi wò ó

Ẹni tó ní igi kajú kì í jí lójoojúmọ́ lọ béèrè pé èló ni wọ́n máa ra oko òun lónìí, èso ló ń bojú wò. Ẹ wo ṣíà yín bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ áàpù tó ń sọ iye kúrò níwájú fóònù, ẹ pa alert ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta tó, nígbà táwọn ilé iṣẹ́ bá gbé ìṣirò wọn jáde. Ohun tẹ́ ẹ máa wò: ṣé ọjà tí wọ́n tà pọ̀ ju ti ọdún tó kọjá lọ, ṣé èrè wà, ṣé gbèsè ò pọ̀ jù, èló ni dividend. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ó parí.

Ìròyìn ló ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú ju iye lọ. Ẹ wo Ọbájánà tó wà nítòsí wa níbí, tí ọ̀nà kọnkéré ẹ̀ já sí Kàbà, tí tírélà ẹ̀ ń kọjá lójú wa tọ̀sán tòru. Ọdún 2010 ni Dangote Cement wọ ọjà ṣíà. Ní October 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ wa ti ilé iṣẹ́ náà pa lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín, gbogbo Kogi ló gbọ́, fídíò ń lọ káàkiri, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá sí i, wọ́n wá ṣí i padà. Ẹni jàre ẹni jẹ̀bi ò sí nínú ọ̀rọ̀ tèmi. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé ẹni tó ní ṣíà níbẹ̀, tó bá jẹ́ ará ibí, ìròyìn yẹn tètè bá a létí, ó dẹ̀ rọrùn fún un láti sáré tà lọ́jọ́ yẹn. Lórí iṣẹ́ ọdún 2022 yẹn gan-an, ilé iṣẹ́ náà san ₦20 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Lórí 2023, ₦30. Lórí 2024, ₦30. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún kan ṣíà, ₦30,000 nìyẹn, tí wọ́n bá yọ 10% owó orí ẹ̀, ₦27,000 ló wọ báǹkì.

Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ rà á o. Ìròyìn tó dún jù ni mò ń sọ, pé ẹ bi í léèrè kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀: ṣé ó yí ohun tí ilé iṣẹ́ yìí ń tà padà? Ṣé àwọn èèyàn ò ní rà á mọ́ lọ́dún márùn-ún sí i? Ṣé owó ti tán lọ́wọ́ wọn? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín.

7. Tí ọwọ́ bá ń yún yín láti tà

Ẹ kọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ tà sínú ìwé, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ dúró ọgbọ̀n ọjọ́. Tí ìdí náà bá ṣì dúró lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, tí ẹnì kejì yín náà kà á tó gbà, ẹ tà á.

Torí ìgbà wà tó yẹ kéèyàn tà. Tí ọdún tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé bá ti ku ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o díẹ̀díẹ̀ lọ sí bond tàbí treasury bill, kí 2008 míì má lọ ṣẹlẹ̀ ní ọdún tọ́mọ fẹ́ wọ ilé ìwé. Tí ilé iṣẹ́ náà bá ti bà jẹ́ lódindi, tí wọn ò gbé ìṣirò jáde mọ́, tí àwọn tó ń yẹ ìwé wọn wò ń kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ jáde, ẹ má dúró torí pé ẹ fẹ́ kó padà sí iye tẹ́ ẹ rà á. Ṣíà ò mọ iye tẹ́ ẹ rà á. Èyí tó bá ti sọ ìdajì nù, láti ₦100 dé ₦50, ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì kó tó padà dé ₦100, ẹ bi ara yín pé ṣé ilé iṣẹ́ yìí lè ṣe é. Ìgbà míì ó lè ṣe é, báǹkì tí wọ́n gbà ní 2011 ò ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ọ̀kan bá ti dàgbà tó fi jẹ́ ìdajì gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní, ẹ dín in kù.

8. Àwọn aláriwo

MMM, ètò tó ń fi owó ẹni tuntun san ẹni tó ti wà níbẹ̀, ti àkáǹtì àwọn èèyàn pa ní December 2016, tó ku díẹ̀ kí Kérésìmesì dé. 30% lóṣù ni wọ́n ń ṣèlérí. April 2025, CBEX, ìtàn kan náà. Ní ọdún 2025 yẹn, òfin tuntun lórí ìdókòwò, Investments and Securities Act, ti sọ irú nǹkan yìí di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n nínú, àmọ́ ẹ̀wọ̀n ẹlòmíì ò lè dá owó yín padà.

Ohun tó mú un le fún wa ni pé àlejò kọ́ ló ń gbé e wá. Ẹ̀gbọ́n yín ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín ni, ẹni tẹ́ ẹ jọ lọ sí ilé ìwé ni, òun gan-an dẹ̀ gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ó fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ níbẹ̀. Ẹ ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ṣáájú kẹ́ ẹ má bàa ta kókó. Fún ẹni tó jù yín lọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ rántí mi. Èmi àti ìyàwó mi ti jọ fọwọ́ sí i pé a ò ní fi owó sí ohun tí SEC ò mọ̀. Ẹ má bínú sí mi o." Fún àbúrò: "Mo gbọ́, àbúrò. Fi orúkọ wọn ránṣẹ́, jẹ́ kí n wò ó lórí wẹ́ẹ́bù SEC, tó bá wà níbẹ̀ a ó jọ sọ̀rọ̀." Ẹ má bá wọn jiyàn lórí owó tí wọ́n ti gbà, torí wọ́n ti gbà á lóòótọ́, àwọn tó tètè wọlé máa ń gbà.

Èyí tó tún ń gbé ọkàn kúrò ni ẹni tó ra ilẹ̀ kan ní Lọ́kọ́ja tó fi ìlọ́po mẹ́ta tà á lọ́dún kan. Ẹ bá a yọ̀, kẹ́ ẹ padà sídìí ìwé yín. Owó ilé ìwé 2038 kò sí nínú ìdíje pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

9. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ̀

Ẹ wá èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń ṣe irú ẹ̀, tíṣà ẹgbẹ́ yín, àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní kọpurétíìfù, kẹ́ ẹ máa pàdé lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ jọ ka ìṣirò ilé iṣẹ́ kan. Ẹni tó dá wà ló tètè ń tà.

Kẹ́ ẹ dẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀ sí ojú ìwé kan: orúkọ broker, nọ́ńbà CSCS, àkọsílẹ̀ ṣíà tẹ́ ẹ ní, báǹkì tí dividend ń wọ̀, orúkọ next of kin. Ẹ má kọ password síbẹ̀. Ẹ̀dà kan fún ìyàwó tàbí ọkọ yín, ẹ̀dà kan fún ọmọ tó ti tójú bọ́. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé next of kin nìkan ò tó láti gba ṣíà lẹ́yìn ẹni tó ti lọ, wọ́n máa nílò ìwé probate (tí ìwé ìhágún bá wà) tàbí letter of administration (tí kò bá sí), ìyẹn ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, láti ilé ẹjọ́ gíga, torí náà tẹ́ ẹ bá lè ṣe ìwé ìhágún nísinsìnyí tí ara le, ẹ pe lọ́yà kan kó bá yín kọ ọ́, kẹ́ ẹ rí i pé ṣíà náà wà nínú ohun tẹ́ ẹ dárúkọ níbẹ̀.